Kí ni wọ́n ń bá wọn sọ nínú yàrá yẹn? Àlàyé lórí ìtọ́jú ọkàn tó ń gba ènìyàn bó ṣe wà

Ohùn kan ń káàkiri lórí WhatsApp ní Ìlọrin láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní àwọn dókítà ọpọlọ ti gbé irú ìtọ́jú tuntun kan dé, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣekúṣe. Ó ní bí ọmọ bá fi lè wọ yàrá wọn, kò ní mọ ohun tí òun jẹ́ mọ́ nígbà tí yóò bá fi jáde. Ó ní kí gbogbo òbí ṣọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Àwọn tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Mágàríbì, obìnrin kan tó ń ta wàrà ládùúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ eléyìí. Ṣé òótọ́ ni?" Mo gbọ́ ọ tán. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní ọmọkùnrin kan ní yunifásítì, pé ọmọ náà kì í sùn mọ́, kì í jẹun, ó sì ti rù. Wọ́n ti ní kí wọ́n gbé e lọ rí dókítà ọkàn. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ti rí nǹkan kan nínú fóònù rẹ̀ tó fi mọ̀ pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. "Ṣé kí ó gbé e lọ ni, àbí kí ó má gbé e lọ?"

N kò béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ìlọrin. Èsì tí mo fún obìnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà kò tó, nítorí ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ń kánjú relé. Mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ ọ́ níbí.

Kí ni a ń pè ní ìtọ́jú ọkàn?

Ìtọ́jú ọkàn ni kí ènìyàn máa lọ jókòó ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, ní àkókò tí wọ́n jọ dá, kí ó máa sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kí onítọ̀hún sì máa bá a tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba ọdún kan. Dókítà ọpọlọ wà tó lè kọ oògùn. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá náà wà tí kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn méjèèjì jọ máa ń tọ́jú ẹnì kan ṣoṣo.

Ó yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn àgbà ilé. Àgbà yóò gbọ́ ẹjọ́ tán, yóò ní, "Ó dáa, lọ ṣe báyìí báyìí." Olùtọ́jú ọkàn kì í yára débẹ̀. Yóò bi ọ́ pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ kí àyà rẹ tó já, kí lo máa ń sọ fún ara rẹ lóru tí gbogbo ilé bá ti sùn.

Nítòsí wa níbí, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí a ń pè ní UITH. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Búdó-Ẹ̀gbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ibi tí wọ́n ń kó wèrè sí nìyẹn. Abiyamọ tí ìbànújẹ́ dé bá lẹ́yìn ìkómọ ń lọ síbẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí kò lè jáde nílé mọ́ ń lọ síbẹ̀. Ọmọ tí kì í rí oorun sùn náà ń lọ síbẹ̀.

Kí ló túmọ̀ sí láti gba ènìyàn bó ṣe wà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àfín ṣe àpẹẹrẹ. Àfín kan gbé ibà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá òótọ́ ni pé àfín kì í jẹ iyọ̀, ó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tó lóyún rẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì kejì wá wò ó. Nígbà tí wọn yóò fi kan ibà, ọkàn ọkùnrin náà ti kúrò níbẹ̀. Ó gbé ibà wá, wọ́n sọ òun gan-an di àìsàn.

Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Adití mú àbúrò rẹ̀ dání wá kí ó lè bá a túmọ̀, olùdámọ̀ràn kọjú sí àbúrò, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adití kò sí ní ìjókòó. Obìnrin tí kò tíì bímọ lọ nítorí orí fífọ́, wọ́n ní ọmọ ni yóò wo orí náà sàn. Ẹni tí wọ́n tọ́jú ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ní Òkègbàlà lẹ́bàá Ọmù-Àrán, tí ara rẹ̀ ti yá pátápátá, padà délé, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan igbá omi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, kí ni a fẹ́ tọ́jú lára rẹ̀?

Ìtọ́jú tí mo ń sọ yìí ni èyí tí olùtọ́jú ti pinnu, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé wá bá a, pé irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ kì í ṣe àìsàn tí òun fẹ́ wò. Àìrísùn ni yóò wò, ìbẹ̀rù ni yóò wò, ìtìjú àti ìbànújẹ́ ni yóò wò. Yóò sì mọ ayé tí ẹni náà ń gbé débi tí kò fi ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kún ọgbẹ́.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ló ń darí ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀ ní 1954. Àwọn aláìsàn ń gbé nílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Lámbò bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú. Ó ti rí i pé bí o bá yọ ènìyàn kúrò nínú ohun tó sọ ọ́ di ènìyàn, ìtọ́jú rẹ yóò máa bọ́ lára rẹ̀ ni. Ọmọ Yorùbá ló rí i, ilẹ̀ Yorùbá ló ti rí i.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ ń lọ sí lórí wọn jù?

Àwọn tí ariwo WhatsApp yẹn dá lé lórí ni ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, obìnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí méjèèjì, àti ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí kò bá ohun tí agbẹ̀bí kígbe lọ́jọ́ tí wọ́n bí i mu. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, queer, tí wọ́n fi ń bo gbogbo wọn bí àtíbàbà. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní gáréèjì àti ní ọjà, èébú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ gígùn báyìí, ó sàn kí gbólóhùn gùn ju kí ó gé ènìyàn lọ. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní sùúrù lórí ọ̀rọ̀ yìí: "ó" ni à ń pe ọkùnrin, "ó" náà ni à ń pe obìnrin.

Ta ló sọ pé kì í ṣe àìsàn?

Ìbéèrè tó tọ́ nìyí, nítorí pé nígbà kan rí, àwọn dókítà fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ọpọlọ ni. Ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to orúkọ àìsàn wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, ó sì wà níbẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Evelyn Hooker, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí àwọn dókítà ń tọ́ka sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ni wọ́n ti ń rí wọn. Ẹni tó bá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ wo ọmọ Ọ̀fà, tó wá ní olè ni gbogbo ọmọ Ọ̀fà, ṣé ó ṣèwádìí? Hooker wá 30 ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó wá 30 mìíràn tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin, tí ọjọ́ orí àti ìwé kíkà wọn bá tàwọn ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ó fún gbogbo wọn ní ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò, ó yọ orúkọ kúrò lára ìwé ìdánwò, ó gbé e fún àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà jù. Ó ní kí wọ́n sọ èwo ni ti ta. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní ti ìlera ọkàn, kò sí ìyàtọ̀ tí wọ́n lè nawọ́ sí. Ní 1957 ni iṣẹ́ náà jáde.

Ó tún gba ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1972, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ John Fryer fi ìbòjú bo ojú, ó yí ohùn rẹ̀ padà, ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi àpérò wọn pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìsàn. Ní 1973, ẹgbẹ́ náà yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, yọ ọ́ kúrò nínú tirẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, 1990. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ohun tí wọ́n mọ ara wọn sí yàtọ̀ sí ohun tí agbẹ̀bí kígbe pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé WHO tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 ló gbé e kúrò láàárín àwọn àìsàn ọpọlọ.

Ìtọ́jú tuntun kọ́ ni èyí, nígbà náà. Láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni Carl Rogers, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn olùtọ́jú pé kí wọ́n gba ẹni tó jókòó síwájú wọn tọwọ́tẹsẹ̀ kí wọ́n tó retí kí ó sàn. Ní 1982, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá mìíràn, Alan Malyon, lo ọgbọ́n yẹn fún àwọn ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ti South Africa gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 2017.

Bí kì í bá ṣe àìsàn, kí ló dé tí ara wọn kì í fi í yá?

Obìnrin méjì ń rìn láti Ọjà Ọba lọ sí Post Office. Ọ̀kan ru àpò ìrẹsì, èkejì mi apá lásán. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, ọrùn ta ni yóò máa ro ó? Bí dókítà bá wá wo ọrùn tó ń ro yẹn, tó ní, "Irú yín, ọrùn yín kò lágbára láti ìgbà tí a ti bí yín," òpùrọ́ ni. Kò wo ẹrù.

Olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ilan Meyer ló ṣàlàyé rẹ̀ kúnná ní 2003. Ẹni tí àwùjọ kò fẹ́ ń ru ẹrù kan tí àwọn yòókù kì í rù, lórí ẹrù ayé tí gbogbo wa jọ ń rù. Ẹrù ni èébú, ẹrù ni lílù, ẹrù ni kí wọ́n lé ọ kúrò nílé tí o yá gbé. Ẹrù ni kí o máa retí èébú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ bú ọ. Ẹrù ni kí o máa ṣọ́ bí o ṣe ń rìn, bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín, orúkọ tí o fi pamọ́ sínú fóònù, láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni èyí tí ojú kò rí. Ọmọ ọdún méje gbọ́ ọ níbi wáàsí pé ẹni ìdálẹ́bi ni irú wọn. Ó gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo, ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé òun ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó bá fi pé ọmọ ogún ọdún, kò sí ẹni tó nílò láti bú u mọ́. Ó ti mọ èébú náà sórí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bú ara rẹ̀ lóru. Mo ti rí i lójú àwọn ọmọ, n kò lè gbàgbé rẹ̀: ọmọ tó mọ̀wé, tó láájò, tó ń wo ara rẹ̀ bí ohun ẹ̀gbin.

Olùtọ́jú ọkàn kò lè gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni. Kò lágbára lórí ìlú, kò lágbára lórí àwọn ẹbí. Òṣùká ni ohun tó lè fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ru igbá rí mọ ohun tí òṣùká ń ṣe: ìwúwo kò dín, ṣùgbọ́n awọ orí kò ní bó, ọrùn yóò sì lè dúró.

Ṣé wọ́n ń kọ́ ọmọ ni?

Rárá. Ẹ rántí ọmọ ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọmọ bá fi òsì kọ̀wé, wọ́n á na ọwọ́ náà, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ó ń rí àgbà fín. Ọ̀pọ̀ wọn fi tipátipá kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì ń kọ̀wé bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Lónìí, tíṣà tó bá rí ọlọ́wọ́ òsì yóò yí ìjókòó rẹ̀ kí ó má baà máa kọlu ẹnìkejì. Ṣé tíṣà yẹn ló kọ́ ọ ní òsì? Òsì ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé kíláàsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba ní ojú ẹ̀sìn, n kò sì sọ pé wọ́n dọ́gba. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbígba ohun tó ti wà kì í ṣe dídá a sílẹ̀.

Ní yàrá yẹn, olùtọ́jú kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé "irú báyìí ni ọ́." Bí ọmọ bá ní òun kò tíì mọ ohun tí òun jẹ́, yóò jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yé e. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe ni yóò gbà. Bí ó bá ń fi tramadol pa ìrònú rẹ́, bí ó bá ń lu ẹni tó ń fẹ́, bí ó bá ń ná owó ilé ìwé ní ìná àpà, olùtọ́jú yóò sọ ọ́ sí i létí. Gbígba ènìyàn yàtọ̀ sí gbígba ìwà.

Kò ní tì í láti lọ sọ fún ẹbí pẹ̀lú. Olùtọ́jú tó bá mọ Kwara yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè lé ọmọ kúrò nílé, kí ó gba owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọn yóò jọ wò ó: ta ló lè gbọ́, ta ni kò gbọdọ̀ gbọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́, ibo ni yóò sùn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá wà níbẹ̀. Ní Ìlọrin, bóyá nínú ènìyàn mẹ́wàá, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ohun àkọ́kọ́ tí mẹ́sàn-án yóò dárúkọ. Àwọn tó ń bẹ̀rù ìtọ́jú yìí rò pé wọ́n á ní kí ọmọ fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Olùtọ́jú tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ sí ohun tó ń pè ní iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀sìn ẹni náà wà lára ohun tó jẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ sọ ọ́ ní 2009 pé kí olùtọ́jú bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹni, kí ó má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ọmọ kan lè pinnu pé òun yóò máa kírun, òun yóò máa gbààwẹ̀, òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ láyé òun. Òmíràn lè yan ọ̀nà mìíràn. Olùtọ́jú kì í ṣe Aáfà, kì í ṣe pásítọ̀, kì í dá fátíwà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹni náà wà láàyè, kí orí rẹ̀ pé, kí ó lè ronú ohun tí yóò yàn.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ìyípadà ńkọ́?

Irú ìtọ́jú kejì nìyẹn, òun gan-an ló sì yẹ kí òbí bẹ̀rù. Òun ni èyí tó ń ṣèlérí pé ọmọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, òun yóò yí i kí ó máa fà sí obìnrin. Ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n fi iná mànàmáná gbọn ènìyàn, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú èébì wá. Ìgbìmọ̀ 2009 tí mo dárúkọ yẹn wo gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń ṣiṣẹ́. Robert Spitzer, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó kópa nínú àtúnṣe 1973, ló tún kọ ọ́ ní 2003 pé àwọn kan lè yí padà. Ní 2012, ó jáwọ́ nínú ìwádìí náà, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Malta fòfin de irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní 2016, Kánádà ní 2022. Jámánì fòfin dè é fún àwọn ọmọdé ní 2020.

Lọ́dọ̀ tiwa, kì í wọ aṣọ dókítà. Ààwẹ̀ ọjọ́ gbọọrọ fún ọmọ tí kò jẹun tẹ́lẹ̀ ni, pàṣán ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù, tó sì dà bí àánú, ni ìgbéyàwó: "Ẹ fún un níyàwó, yóò tán lára rẹ̀." Ọmọ ẹnì kan ni ìyàwó yẹn. Yóò jókòó sínú yàrá ọdún mẹ́wàá, yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe tí ọkọ òun kò fi ń wo òun. Mo ti bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jókòó. Ẹbí ọkọ gba ara wọn lọ́wọ́ ìtìjú, wọ́n sì gbé e lé ọmọ ẹlòmíràn lórí.

Òfin Nàìjíríà ńkọ́?

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá ṣègbéyàwó. Ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó wà nínú rẹ̀ tàbí tó ń tì í lẹ́yìn, àti fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní Kwara, a tún ní Penal Code tí a jogún láti ayé ìjọba Àríwá, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìṣe ni òfin méjèèjì ń dá lẹ́jọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní dókítà kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹnikẹ́ni. Lọ́wọ́ kejì, òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù, tí a sì gbọ́ ní oṣù kìíní 2023, ló rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ó fún ẹni tó bá wá ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Ṣé wọn yóò sọ fún òbí?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó wà ní kíláàsì tó kángun sí àṣekágbá. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ní nǹkan kan lọ́kàn tí òun kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó sunkún. Mo ní kí ó má bẹ̀rù, pé mo ti gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Mo rò pé ojúṣe mi ni, mo rò pé mò ń gba ọmọ náà là ni. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, àga rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní ó ti lọ sí Èkó. Títí di òní, n kò mọ ibi tó wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oṣù kan tí n kì í rántí bí ó ṣe ń fi apá aṣọ ilé ìwé nu ojú.

Kò sí ohun tó léwu tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ni. Àṣírí ni ilẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, mo sì gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ yóò sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí a bá sọ níbí kò ní jáde. Yóò sì sọ ibi tí ó ti lè jáde: bí ó bá rí i pé ẹni náà fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bí ó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, tàbí bí ẹnì kan bá ń fi ìyà jẹ ọmọdé. Ẹni tí ọmọkùnrin ń fẹ́ tàbí tí kò fẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dá olùtọ́jú tó dára mọ̀?

Ẹ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Nígbà tí a bá parí, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n rí?" Bí ó bá ní òun fẹ́ kí ẹ máa sùn, kí ẹ máa jẹun, kí ẹ lè jókòó ti ara yín láìbẹ̀rù, ẹ jókòó. Bí ó bá ní òun yóò yí yín padà, ẹ dìde. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wàásù, ẹ dìde. Bí ó bá ń wo yín bí ẹni tó kàn ń wá ìròyìn gbọ́, tó ń béèrè ohun tí ẹ ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó jẹ́ pé àìrísùn lẹ gbé wá, ẹ rántí àfín àti nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo dókítà ọpọlọ ló kọ́ irú ìtọ́jú yìí, ẹlòmíràn sì lè máà ní in lọ́kàn. Ẹ lè wá òmíràn. Àwọn kan ń gba tiwọn lórí fóònù, ojú àdúgbò kò sì ní rí wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Obìnrin oníwàrà yẹn tún yà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé igbá wàrà rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ṣì ń rò ó. Mo ní kí ó sọ fún un pé nítorí oorun ni kí ó ṣe gbé ọmọ náà lọ. Kí ó bá a wọlé, kí ó kí dókítà, kí ó ní ọmọ òun kì í sùn, kí ó sì jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Bí ọmọ náà bá jáde, kí ó má béèrè ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Kí ó béèrè bóyá ebi ń pa á.